Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ìyá Aránṣọ

Ìyá Aránṣọ kì í yọ abẹ́rẹ́ kúrò ní àyà aṣọ rẹ̀. Bó bá ń lọ sóde, abẹ́rẹ́ ń bá a lọ. Àwọn oníbàárà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá, ẹ ó gún ẹni tó bá dì mọ́ yín." Òun náà a ní, "Ẹni tó bá fẹ́ dì mọ́ mi, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè."

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló fi tọ́ ọmọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ irin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rò pé òun ti dúró, àmọ́ máṣíìnì ń sáré lọ. Ó wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ irin, bàtà ti bọ́, kò mọ ìgbà tó bọ́. Ó ti rán ọwọ́ aṣọ oníbàárà pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rù bà á. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ fún àkọ́bí rẹ̀.

Akọ̀wé ni ọmọ náà, òun ló mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀. Ìyá ní, "Sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ti kú." Ọmọ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Dókítà fún un ní oògùn. Ó lò ó tán, ẹsẹ̀ kò yí padà. Wọ́n padà lọ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn náà ni, oògùn yẹn náà ni.

Lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá tẹ́tí. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n máa ń pè é lórí rédíò bí wọ́n bá ń polówó oògùn ẹ̀yìn ríro: "pain."

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé ó ń dùn mí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Bó bá ń dùn mí, ǹ bá dúpẹ́. Kò dùn mí. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo ní ó kú!"

Ọmọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò lè fẹnu ara mi pe ikú mọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó bí mi. Mi ò sì mọ èyí tí òyìnbó ń pè é tí kò ní ikú nínú."

"Ni mo ṣe ń gbé oògùn ìrora mì?"

"Ẹ ṣáà fi máṣíìnì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ẹsẹ̀ kú, kí n jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú."

Dókítà ń wo tìyá tọmọ. Ìyá kò retí ògbufọ̀ mọ́. Ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àpótí, ó yọ abẹ́rẹ́ láyà. Ojú dókítà ló ń wò, kò wo ẹsẹ̀. Ó gún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Kò ṣẹ́jú.

"Yéè!" Ọmọ ló pariwo.

"Ìwọ lò ń ké. Ẹsẹ̀ mi dákẹ́."

Ó fi abẹ́rẹ́ kan ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó nàka sí òsì: "Pain." Ó nàka sí ọ̀tún: "No pain." Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síwájú dókítà, bí ẹni tó ní kí wọ́n san ohun tí wọ́n jẹ ẹ́.

Dókítà ti dìde. "Numb," ló wí.

"Nọ́ọ̀mù," ni Ìyá wí. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì dákẹ́ bí ẹsẹ̀ náà. Ó yíjú sí ọmọ. "Ṣé o gbọ́? Kò sí ikú nínú rẹ̀."

Dókítà bá a wí nítorí abẹ́rẹ́, ó nu ẹ̀jẹ̀, ó sì gún ìka ọwọ́ rẹ̀ láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá ní "Ó dùn mí!", ó sì rẹ́rìn-ín. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ti ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀, kò ní burú ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n kó má tẹ máṣíìnì mọ́.

"Ẹ gbọ́, Màámi," ni ọmọ wí, inú rẹ̀ dùn. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi."

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n dárúkọ."

Nígbà tí ọmọ dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì ọlọ́wọ́ àtijọ́ tó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé tipẹ́, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàtà tuntun, ó nà án síwájú bí àlejò.

"Màámi!"

"Ọwọ́ mi ò nọ́ọ̀mù. Bá mi di etí aṣọ yẹn mú, ọkọ mi. Má fà á."