Ọjọ́ Tí Bàbá Tíṣà Kò Dáhùn Ìkíni

Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi, ìṣẹ́jú méje péré ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo sọ fún olùkọ́ wa pé ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rọ agbohùn tí wọ́n yá wa nílé ẹ̀kọ́ ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ ni, ni mo bá kúkú kọ ìtàn tí kò nílò ohùn.

Ìtàn ọ̀hún rèé: bàbá kan bá gbogbo ìlú jà, ó wá búra pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí òun á fi kú. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn á máa kọjá, á dijú mọ́rí. Ó parí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà náà, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá wò ó á sunkún. Fíìmù yìí ni wọ́n máa fi mọ ẹni tó yege àti ẹni tó máa tún ọdún kà. Bàbá mi sì ti sọ ọ́ kedere pé bí mo bá fi lè tún ọdún kà, mo ti dágbére fún fíìmù nìyẹn, iṣẹ́ tíṣà ni mo ń lọ kọ́.

Ẹni tí mo lọ bẹ̀ pé kó bá mi ṣe é ni Bàbá Tíṣà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní Fìdítì. Àwọn ló kọ́ ìyá mi ní ABD. Ojú wọn le. Bí wọ́n bá wo èèyàn lásán, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ṣe. Káyọ̀dé, tí a jọ wà ní kíláàsì, ló di kámẹ́rà mú, kámẹ́rà náà sì gbọ́dọ̀ padà sílé ẹ̀kọ́ ní aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn gan-an.

Aago mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Bàbá pé ọ̀rọ̀ méjì péré ni kí wọ́n mọ̀. Bí mo bá ní "Ákíṣọ̀n", kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ títí mo fi máa ní "Kọ́ọ̀tì". Bàbá ní kí n tún un sọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ákíṣọ̀n."

Ọkùnrin kan tó di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà rọra dẹ eré sílẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, sà."

"Oo, ẹ kú ìrìn," ni Bàbá wí. "Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀?"

"Ó ti sọ̀ láyọ̀, sà. Ọkùnrin ni."

"A dúpẹ́. Orúkọ wo lẹ sọ ọ́?"

Mo ní kọ́ọ̀tì. Mo rọra rán Bàbá létí pé wọ́n ti bá gbogbo ìlú jà.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ará Akínmọ̀ọ́rìn nìyẹn. Mi ò bá Akínmọ̀ọ́rìn jà."

Mo fi Akínmọ̀ọ́rìn kún ìjà náà. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, kó tó di aago mọ́kànlá, Bàbá ti bá Ìlọrà, Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti Ìmínì náà jà, wọ́n sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. Mo lọ dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, mò ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọjá láìkí Bàbá. Àṣìṣe ńlá. Ẹni tí mo bá bẹ̀ á kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́, á wá yà lọ bá Bàbá láti tọrọ àforíjì. "Ẹ má bínú, sà, ọmọ yìí ní a ò gbọ́dọ̀ kí yín. Ṣé kò sí o?" Bàbá á ní kò sí, wọ́n á wá béèrè àwọn ọmọ onítọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó di aago méjì, a ò tíì rí nǹkan kan yà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́. "Bàbá, bí fíìmù yìí bá bàjẹ́, màá tún ọdún kà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ tíṣà lára. Wọ́n tún fìlà dé. "Ọmọ tí mo kọ́ ìyá ẹ̀ ò ní tún ọdún kà. Pe ọ̀rọ̀ rẹ."

"Ákíṣọ̀n."

Ìyá Rúùtù, aládùúgbò wọn, ló ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọsàn lórí. "Ẹ kú ìjókòó, sà."

Bàbá ò fọhùn.

"Ẹ kú ìjókòó o, sà. Bàbá Tíṣà, èmi ni."

Òógùn ń ṣàn lójú Bàbá. Ó kù díẹ̀ kí èmi gan-an bá wọn dáhùn. Ìyá Rúùtù sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ojú Bàbá, wọ́n wá yí padà, wọ́n fi eré gé e, wọ́n fi ọsàn sílẹ̀. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo sọ fún Káyọ̀dé pé kó má dá kámẹ́rà dúró. Mi ò mọ̀ pé mo ti dáràn.

Lọ́dọ̀ wa, àgbà tí wọ́n kí tí kò dáhùn, àìsàn ló ń ṣe é. Ohun tí Ìyá Rúùtù ń ké káàkiri àdúgbò ni pé rọpárọsẹ̀ ti mú Bàbá Tíṣà, ahọ́n ti lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí èrò fi dé. Bíríkìlà mú ṣíbí iṣẹ́ rẹ̀ dání. Mẹkáníìkì gbé mọ́tò tí kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá, ó ní òun á gbé Bàbá dé ọsibítù. Bàbá oníṣègùn òdìkejì ọ̀nà gbé àgbo dé. Àwọn ìyá ìjọ ní àdúrà ló kàn ná, wọ́n wá fẹnu kò pé kí àgbo tẹ̀ lé àdúrà. Ìyá arúgbó kan ti ń fi àdí pa Bàbá ní àtẹ́lẹsẹ̀.

Bàbá ò fọhùn síbẹ̀. Ojú mi ni wọ́n tẹjú mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Mo ya ẹnu sílẹ̀ bí ọ̀dẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá, ìyàwó wọn, sáré yọ láìwé gèlè, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀. Wọ́n di Bàbá mú. "Bàbá Adé, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Omi lé ròrò sójú Bàbá. Wọ́n rọra na ìka kan sókè sí mi, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọrọ àyè láti jáde. Ìgbà yẹn lorí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wálé.

"Kọ́ọ̀tì," ni mo kígbe.

"Ìyá Rúùtù, oo, ẹ kú ìrìn," ni Bàbá wí lẹ́ẹ̀kan náà. "Kò sóhun tó ṣe mí o. Fíìmù ni."

Mi ò ní kọ èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà síbí. Ti Màmá ló dùn mí jù: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọn ò fi dá mi lóhùn bí mo bá kí wọn. Mo wá mọ bó ṣe ń rí lára.

Olùkọ́ wa wo fíìmù náà tán, ó béèrè bí mo ṣe kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ òótọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìjà tí o kọ, irọ́ ni. Èsì tí ìlú fún un ni òótọ́." Mo yege. Láti ìgbà náà, n kì í kọ ìtàn ẹni tó kẹ̀yìn sí ìlú láìkọ́kọ́ bi ara mi léèrè ohun tí ìlú máa ṣe sí i.

Mo gbé fíìmù náà lọ fún Bàbá nínú kọ̀ǹpútà mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan nípa bí àwọn ṣe ṣe é. Wọ́n ní kí n dá a padà síbi tí èrò ti ń wọlé. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí àwọn èrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé iṣẹ́ mi ló wù wọ́n.

"Mi ò rí Díákónì," ni wọ́n wí. Díákónì yìí ni wọ́n jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bóyá wọn ò gbọ́ ni, sà."

"Ilé kẹta sí wa ló ń gbé."

Màmá ti ń sáré bọ̀ nínú àwòrán, pẹ̀lú bàtà kan. Bàbá súnmọ́ kọ̀ǹpútà.

"Orúnkún ni ìyàwó mi ní ó ń dun òun, tí kò fi lè bá mi rìn dé ìta mọ́," ni wọ́n wí. Ohùn wọn ti yí padà. "Wo bó ṣe ń sáré. Tún un fi hàn mí."

A wò ó títí bátìrì fi kú.