Àwo Ọba Faransé Tí Mo Dojú Rẹ̀ Dé

Láàárín àwọn ọdún 1980, kété tí mo gboyè jáde ní Houston, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan gbà mí fún oṣù díẹ̀ láti fi dán mi wò. Bí wọn ò bá gbà mí tán, ìwé tí mo fi ń gbé Amẹ́ríkà yóò parí, n ó sì padà sílé lọ ṣàlàyé fún bàbá mi ìdí tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwo dípò ìṣègùn. Mi ò lè sùn dáadáa nítorí ẹ̀.

Àwo tánganran tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni mò ń tọ́jú. Ọba wọn ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n. Bí ó bá fẹ́ bá ọba ilẹ̀ mìíràn ṣọ̀rẹ́, tàbí tí aṣojú ọba kan bá ń padà sílé lẹ́yìn àdéhùn, odidi àkójọ àwo oúnjẹ ló máa fi ta á lọ́rẹ: ti ọbẹ̀, ti ẹran, ti èso. Ẹni tó gbà á kò ní lè jẹun kó má rántí ẹni tó fún un. Ìwọ̀nba tó kù lára ọ̀kan nínú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ẹyẹ láàárín, wúrà létí.

Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù tí wọ́n fi ń dán mi wò, aṣojú ìjọba Faransé fẹ́ wá wò wọ́n. Ọ̀gá mi, ìyá àgbàlagbà ará Texas kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí n tẹ́ tábìlì bí ẹni pé àlejò fẹ́ jẹun. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo to àwo. Ọ̀sán ni àlejò ń bọ̀, eruku sì ń já bọ́ láti ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. Nílé wa, ta ní jẹ́ fi àwo tó mọ́ sílẹ̀ kó lanu sókè? Ìyá mi á béèrè bóyá eruku la fẹ́ bù fún àlejò. Mi ò tilẹ̀ rò ó. Mo dojú gbogbo wọn dé, pé n ó ṣí wọn tó bá yá, mo lọ mu omi.

Àlejò tètè dé. Nígbà tí mo wọlé, ọ̀gá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mo ṣe: wúrà etí àwo ló fara ti aṣọ, wúrà tí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bó bá họ, ó ti họ náà nìyẹn. Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi, ẹ̀rù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni mo bínú sí ara mi.

Ṣùgbọ́n aṣojú náà ti tẹ orí ba, ó ń wo ìdí àwo kan. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi irú àwo yìí hàn mí," ó ní. "Kò sẹ́ni tó fi ìdí ẹ̀ hàn mí rí. Kí ni àwọn àmì yìí?"

Ọ̀gá mi wò mí. "Ṣàlàyé fún wọn."

Mo ní lẹ́tà méjì tó lọ́ mọ́ra yẹn ni ti ọba. Èyí tó wà láàárín wọn ń sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ti ẹni tó ya ẹyẹ. Mo ní kó wo àwo kejì: ọwọ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ọba ló fúnni lẹ́bùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ọwọ́ ara wọn sínú ẹ̀. Aṣojú náà yí tábìlì po, ó ń wá àmì kiri bí ọmọdé.

Nígbà tó lọ, ọ̀gá mi mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, wọ́n yẹ etí àwo wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró, mi ò lè jókòó.

"Kò họ," wọ́n ní. "A ó gbà ọ́. Ìwọ ni yóò máa bá àlejò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan àwo mọ́."

Nọ́ọ̀sì ni àǹtí mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Stafford, nítòsí Houston. Nígbà tí mo sọ fún wọn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

"Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ àwo, wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Iṣẹ́ olóyè nìyẹn! Ó yá, tiwa wà nínú síǹkì. Kò sẹ́ni tó ní kó o má fọwọ́ kan ìyẹn."

Mo fọ àwọn àwo náà, omijé ń bọ́ lójú mi. Àǹtí mi rò pé ayọ̀ ni. Ìdajì ẹ̀ ni ayọ̀; ìdajì yòókù ni ti àwo ọba tí ọwọ́ mi ò ní kàn mọ́.