Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Wa Kọ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ọjọ́ Èéfín

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tójú mi rí ní Ìlaròó lóṣù tó kọjá kò ṣe é pa mọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé ikọ́ kan ti ń bá mi fínra. Mo máa ń wúkọ́ débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń bá mi kà á. "Tíṣà, ẹlẹ́ẹ̀kejìlá rèé o!" Àwọn ọmọ burúkú! Ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ lásán. Ọjọ́ èéfín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ èéfín wo? Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bi mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ ńlá kan tó ru kẹ́míkà ṣubú ní kọ́nà tó wọ abúlé wa, téèyàn bá kọjá Jóga-Orílé. Ohun tó rù ṣàn wọ gọ́tà, ó sì gbiná. Èéfín tó jáde níbẹ̀ ń tani lójú bí ata, odidi ọjọ́ méjì ló fi bo abúlé wa mọ́lẹ̀. Ìlaròó ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Kí ló wá gbé mi dé abúlé lọ́jọ́ náà? Àsìkò gàrí ni!

Mo fẹ́ràn àsìkò gàrí ju Kérésìmesì lọ, mi ò purọ́. Bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ilé ìwé ìjọ nígbà ayé wọn, ló sọ ọ́ di òfin pé ọmọ àwọn kankan ò gbọdọ̀ ra gàrí lọ́jà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, gbogbo wa máa ń padà sílé. A óò jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, a óò máa bẹ èèpo, a óò máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Jídé á ní ọ̀bẹ òun kò mú, irọ́ ni, ọ̀lẹ ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́lá, á máa kọrin ìjọ láìmọ ìlà kejì. Tí gàrí bá ti ń jáde láti inú agbada, tó ṣì gbóná, a óò bu ún sọ́wọ́, a óò fi àgbọn jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i pé itọ́ ti ń dà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ èyí?

Ẹni tó máa ń jókòó sídìí agbada náà ni Ìyàwó.

Ìyàwó ni ìyàwó àkọ́bí wa, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, tó ti dolóògbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n gbé wọn wọlé láti Ìwòyè-Kétu. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Wọ́n ń bu omi sí wọn lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, mò ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí eyín mi, wọ́n ní, "Háà! Eyínfúnjowó!" Bí mo ṣe di Eyínfúnjowó nìyẹn.

Ẹ sì mọ bá a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kí ọmọ náà tiẹ̀ ṣì máa tọ̀ sílé. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Jídé tó máa ń fi bírò há etí di Akọ̀wé. Bọ́lá tó tín-ín-rín nígbà náà di Opéléńgẹ́. (Ẹ má bi mí bó ṣe rí báyìí, yóò ka ibí yìí.) Gbogbo wa pátá sì ni "ọkọ mi," àti obìnrin àti ọkùnrin.

Nígbà òjò, tí ọ̀nà ilé ìwé bá ń yọ̀, ẹ̀yìn Ìyàwó ni mo máa ń wà. Ọmọ ọdún méje lẹ́yìn èèyàn! Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa fi mí ṣẹlẹ́yà, kò kàn mí. Wọ́n á gbé mi dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, wọ́n á nu ẹrẹ̀ kúrò ní bàtà mi, wọ́n á ní, "Ó dàárọ̀ o, ọkọ mi," kí n lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀sán náà la máa tún ríra. Títí dòní, tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, tí mo gbọ́ "Eyínfúnjowó," ńṣe ni mo máa ń gbàgbé pé mo ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sọ́jọ́ èéfín kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀, Jídé kó àwọn arúgbó àdúgbò sínú ọkọ̀, wọ́n gbé wọn sá lọ sí Ayétòrò. Ìyàwó ní tiwọn ń ti ìdí kànga bọ̀ wálé, wọ́n ń rẹ aṣọ sómi, wọ́n ń so ó mọ́ wa nímú. Wọ́n lé mi jáde. Èmi náà, mo tún sá padà wọlé torí gàrí! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Àpò gàrí méjì ni mo wọ́ jáde, ibẹ̀ ni mo sì ti fa èéfín tó ń dà mí láàmú títí dòní.

Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, àwọn elétò ìlera gbé tábìlì wá sí pápá ilé ìwé. Wọ́n ní kí ẹnì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan wá sọ àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Ta ló mọ iye ènìyàn tó wà nílé bí kò ṣe ẹni tó bu oúnjẹ fún wọn? Àwọn ìyàwó ilé ló tò sídìí tábìlì. Ìyàwó tiwa náà lọ. Èmi wà lábẹ́ igi kaṣú, mò ń bì, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọdún méjì kọjá. Ikọ́ ò lọ. Dókítà ní ó dà bíi pé èéfín yẹn ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, pé mo nílò àyẹ̀wò tó péye àti oògùn tí mo máa lò fún oṣù gbọọrọ. Owó tíṣà ló máa san án? Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Àfìgbà tí mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba máa tọ́jú gbogbo ẹni tí èéfín náà kàn lọ́fẹ̀ẹ́, bí orúkọ onítọ̀hún bá ṣáà ti wà nínú ìwé tí àwọn elétò ìlera kọ lọ́jọ́sí. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìwé náà. Mo fò sókè, mo kígbe Halelúyà, mo sì wúkọ́.

Ọjọ́rú ni mo dé ọ́fíìsì tí wọ́n ní ká lọ ní Ìlaròó. Ọkùnrin onígíláàsì kan ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó wá orúkọ mi. Kò sí. Ó wá ti Jídé, kò sí. Ti Bọ́lá ńkọ́? Kò sí! Inú bí mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mi ò mọ inú ún bí ní jẹ́jẹ́. Mo ní ṣé èéfín inú fíìmù ni mo fà ni? Mo ní kó tún wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó yí kọ̀ǹpútà náà sí mi pé kí n fojú ara mi rí i.

Ilé Bàbá Tíṣà. Ènìyàn mẹ́ta. Akọ̀wé. Opéléńgẹ́. Eyínfúnjowó.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ yẹn sì di omijé. Mo ṣàlàyé fún un pé èmi ni Eyínfúnjowó. Ó ní ìjọba kì í tọ́jú ìnagijẹ. Ó ní àfi kí ẹni tó fi orúkọ sílẹ̀ wá fúnra rẹ̀, kó búra, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ gidi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Kó sì wá kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo ti wà ní abúlé. Bí mo ṣe ròyìn fún Ìyàwó, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti ṣe àwọn ọkọ mi léṣe!" Wọ́n wúkọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo béèrè pé irú ikọ́ wo nìyẹn. Wọ́n ní èéfín agbada gàrí ni, kí n má dá a lóhùn. Èmi náà ò sì dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: èmi tí mò ń kiri nítorí ikọ́ tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì, a dé ọ́fíìsì láàárọ̀. Onígíláàsì béèrè ta ni Eyínfúnjowó. Ìyàwó nawọ́ sí mi. Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Ìyàwó wolẹ̀. Ó tún béèrè. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń kùn pé ṣé Màmá ò mọ̀ ọ́n ni. Mo fẹnu sí wọn létí, mo ní, "Ìyàwó, ẹ sọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìyá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo èrò. Mo gbìyànjú láti gbé wọn dìde, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú sí mi, ọkọ mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é. Olúfúnmiláyọ̀. Wọ́n pe orúkọ ìrìbọmi mi. Wọ́n pe oríkì mi pẹ̀lú, èyí tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé! Wọ́n ti mọ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé wa, torí Bàbá máa ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà òwúrọ̀. Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ sínú láìpè é. Wọ́n pe ti Jídé àti Bọ́lá náà, kò sí èyí tí wọ́n ṣì pè.

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ọmọ agbègbè wa lòun náà. Ó wo inú ìwé náà lọ sísàlẹ̀: Adúmáadán, Bọ̀dá Ìbàdàn, Ìbàdíàrán, Afínjú. Ló bá lu tábìlì! Ó ní abájọ tí orúkọ ìdajì abúlé náà kò fi bá ti káàdì wọn mu! Ó pariwo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín. Ó kọ orúkọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Ó parí! Mo fẹ́ẹ̀ jó.

Ìgbà náà ni Ìyàwó tún wúkọ́. Kò tètè dúró. Ọkùnrin náà wo ojú wọn, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ni tiyín nínú ìwé yìí?"

Ìyàwó ní, "Tèmi kẹ̀?" Wọ́n ní àwọn elétò ìlera béèrè àwọn ọmọ ilé, àwọn sì ka àwọn ọmọ ilé fún wọn. Wọ́n ní ìyàwó làwọn.

Orí mi wú. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú èéfín nítorí wa! Ẹni tó fa èéfín náà jù wá lọ! Mo kígbe pé ṣé ó ti bọ́ ni. Ọkùnrin náà ní kò tíì bọ́, bí ẹnì kan tó wà nínú ìwé bá lè búra kó tó di ìrọ̀lẹ́ pé Màmá wà níbẹ̀, òun máa fi wọ́n kún un. Mo dìde fùú. Mo ní èmi nìyí, mo búra! Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó gbé bírò.

"Ó dáa. Kí ni orúkọ Màmá?"

Mo la ẹnu.

Mo ní Ìyàwó. Ó wò mí. Mo ní Ìyá Dáre. Ó ní òun ò béèrè orúkọ ọmọ wọn. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wá a nínú orí mi, n kò rí nǹkan kan. Ọdún méjìlélógójì! Àṣà kankan ò ní kí n má pe orúkọ wọn o. Àwọn ni àṣà dí lẹ́nu, kò dí mi. Mi ò kàn béèrè rí ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n wà.

Ìyàwó ò bínú. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ káàdì NIN tó ti ká, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo kà á sókè fún ọkùnrin náà.

"Mopélọ́lá."

Wọ́n yíjú sí mi kíá, wọ́n rọra rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá àwọn ní Ìwòyè ló pe àwọn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, kó tó kú.

Àwa méjèèjì ti ń gba ìtọ́jú báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la jọ ń lọ. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò àyà wa, tiwọn ló burú ju tèmi lọ. Dókítà ní ó dára tí wọn ò jẹ́ kó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó ná, ká ní mo ti gba òǹtẹ̀ tèmi, mo sì jáde?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Nílé yín, ẹnì kan wà tó ń ka gbogbo yín, tí kì í ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ orúkọ sílẹ̀ níbikíbi, fún ìtọ́jú tàbí fún ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ó wà níbẹ̀. Ẹ pè é lórí fóònù lónìí, kó má di ọ̀la, ẹ bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ ń pè é. Bó bá ti sọ ọ́ fún yín, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí pẹ̀lú ìtàn tiyín. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà, màá sì máa pè wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan.