Ọ̀rọ̀ Kan fún Ọwọ́ Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí èmi àti ìyá mi ń gbé inú yàrá kan ní Akówọnjọ, tí wọ́n á jí láràárọ̀, tí wọ́n á máa gbọn ọwọ́ ọ̀tún wọn bí ẹni tí omi ta sí lára. Wọ́n ní ọwọ́ náà ń kú. Aṣọ ni mò ń rán nígbà náà, ó sì máa ń rẹ̀ mí débi pé mo lè sùn lórí ìdúró. Mo ní kí wọ́n máa fi òróró ra á. Ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún wọn níbi tí wọ́n ti ń bá mi fi ọwọ́ rán ọrùn aṣọ, tí wọn ò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kán sórí aṣọ oníbàárà, ni mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá.

Dókítà ibẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, nọ́ọ̀sì rẹ̀ náà kò gbọ́ èdè wa. Kò bà mí lẹ́rù. Ṣebí mo ti ka ìwé mẹ́wàá jáde, èmi ni wọ́n sì ń pè ládùúgbò bí ọ̀rọ̀ bá di ti òyìnbó. Dókítà béèrè pé kí ló ń ṣe màmá. Mo la ẹnu, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kò sí níbẹ̀. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀: ẹran ara tó wà láàyè, tí èèyàn ò sì mọ̀ ọ́n lára. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni mi ò mọ̀. Mo ní ọwọ́ wọn ń kú. Ó wo ọwọ́ náà, ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ń sùn. Ó ní kí wọ́n yé fi orí lé e sùn. Níkẹyìn ó bi mí bóyá ó ń dùn wọ́n. Ó ti rẹ̀ mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mi fà mí láṣọ. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó ń dùn yín ni, Mà."

"Ta ló ní ó ń dùn mí? Bó bá ń dùn mí ni, inú mi ì bá dùn!"

Ṣùgbọ́n dókítà ti kọ oògùn ara ríro fún wa, ó ti ń pe ẹlòmíràn.

Bàbá onílé wa, tíṣà àtijọ́ láti Èkìtì, ní ọ̀rọ̀ tí mò ń wá ni "paralysed". Mo ní báwo ni ẹni tó rọ ṣe ń gbálẹ̀? Wọ́n ní kí n wo díṣọ́nárì. Mo ṣí ibi ikú, mo ṣí ibi oorun, mi ò rí ọwọ́ ìyá mi níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ ni díṣọ́nárì wà fún. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Wọn ò sọ ohun tí a ó fi wá èyí tó sọnù lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi fi ọwọ́ lásán ṣí ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó. Èmi tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ni mo gbóòórùn awọ tó ń jóná. Wọ́n ṣì ń bu iyọ̀ sí i.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Mi ò ní agbára Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Mo yọ pín-ìnnì láyà aṣọ mi, mo fi gún ara mi lọ́wọ́, mo ké "Yéè!" Mo wá fi gún ìka ìyá mi. Fáànù òkè àjà ni wọ́n ń wò.

Dókítà dìde. "Numb," ó ní. "Ah, it is numb!"

Ọ̀rọ̀ bíńtín, tí èèyàn ń parí rẹ̀ pẹ̀lú ètè pípadé. Mo jókòó, ẹkún gbọ̀n mí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá mi wò, ìtọ̀ ṣúgà ni. Ojú egbò iná náà ti bàjẹ́ kó tó jinná; nílé ìwòsàn ìjọba, wọ́n gé ìka kan kí ìyókù lè yè.

Lónìí, èèyàn lè kọ ìtumọ̀ sínú fóònù kí ó gbé ọ̀rọ̀ jáde. Mo ti dán ti ọwọ́ ìyá mi wò. Kíá ló mú un wá. Mo pa fóònù náà.

Ìyá mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Wọn kì í dáná mọ́. Bí mo bá po omi ìwẹ̀ wọn, wọ́n á dúró ti bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n á pè mí. Èmi ni mo máa ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ wò. Mà á ní, "Ó ti tó wẹ̀, Mà," wọ́n á sì gbà mí gbọ́.