Edé Tí Kò Kú

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi máa ń ti ìka bọ omi kànga ilé wa l'Ẹdẹ, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tutọ́. Etí ọ̀sà tí wọ́n lọ́kọ sí ni wọ́n ti kọ́ ọ. Níbẹ̀, tí òjò bá ti dá, àárọ̀ tí omi bá níyọ̀ lẹ́nu ni wọ́n ń dẹ ìgèrè, torí pé iyọ̀ àti edé jọ ń wọlé ni.

Lọ́gbẹlẹ̀ tó kọjá yìí, iyọ̀ ò dé. Mo lọ kí wọn, mo sì fojú ara mi rí ìdí ẹ̀: àwọn tó ń wa yanrìn ti kó yanrìn dí ibi tí omi òkun ń gbà wọ ọ̀sà, kí ọkọ̀ akẹ́rù wọn lè rọ́nà gbà. Omi dúró sójú kan, ojú oró bò ó, ìgèrè ń gbẹ lára ògiri. Mo kó wọn wá sílé mi.

Inú ń bí mi. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá inú omi ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ni. Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ omi: ọjọ́ tí mo débẹ̀, bí òkìtì yanrìn náà ṣe fẹ̀ tó, ohun tí ẹ̀rọ tí mo fi wọn iyọ̀ sọ. Mo ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà náà kí òjò tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àsìkò edé ti lọ nìyẹn. Mo wá fi gbólóhùn kan parí ẹ̀: "Edé inú ọ̀sà ti kú tán."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ bá wọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá ibẹ̀ ṣí fáìlì, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, a ti ránṣẹ́ débẹ̀ o. A ò rí òkú edé kan ṣoṣo. Àbí ẹ ti fi wọ́n se ọbẹ̀ ni?"

Ó ti kọ ọ́ sẹ́yìn lẹ́tà mi: Kò sí òkú. Ẹjọ́ tán.

Mo délé, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, mò ń bú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí n ka lẹ́tà náà sétí àwọn. Nígbà tí mo kà á débi ìparí, wọ́n ní:

"Ta ló kú?"

"Edé ni, mà."

"Ìwọ rí òkú ẹ̀? Inú òkun ni wọ́n ń bí edé sí, kékeré ló ti ń wá dàgbà lọ́dọ̀ wa. Ó délẹ̀kùn, ó bá a ní títì, ó padà. Gbogbo ìwé tó o kà yẹn, wọn ò kọ́ ẹ níyẹn?"

Wọ́n kọ́ mi. Mo tiẹ̀ ṣe ìdánwò lórí ẹ̀, mo yege. Ìbínú ló bá mi kọ gbólóhùn yẹn, òun gan-an ni àwọn ará ọ́fíìsì sì dì mú. Mo to ẹ̀ṣẹ̀ àwọn oníyanrìn lẹ́sẹẹsẹ, mi ò wá ka gbólóhùn tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo kọ lẹ́tà mìíràn: edé kò kú, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Mò ń kà á fún wọn lọ́wọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù. Wọ́n jáde, wọ́n tẹ́wọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tutọ́.

"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọdún tó ń bọ̀ náà á ní ọ̀gbẹlẹ̀ tiẹ̀."