Ìwádìí Tí Mo Ṣe Dé Ilẹ̀ Faransé

Nílé wa, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé a wádìí ilé náà. Òfin ìyá mi nìyẹn. A ó béèrè bóyá oníjà ni wọ́n, bóyá wọ́n máa ń tọ́jú ìyàwó ilé, bóyá àìsàn kan wà tó ń tẹ̀ lé wọn láti ìran dé ìran. A kì í béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn nìkan, a ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn wọn pẹ̀lú. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Ohun tí n kò rò láyé mi ni pé ìyá mi yóò jókòó lọ́jọ́ kan, yóò ní kí n lọ wádìí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ilẹ̀ Faransé wá.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Ọmọ náà ga. Àtikékeré ló ti ga, débi pé ìyá mi dẹ́kun rírán aṣọ tuntun fún un, ó kàn ń tú etí ti àtijọ́ sílẹ̀ ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Faransé ní Ṣakí, a ní pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe. Wẹ́dà àdúgbò ló jó irin apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ sápá òsì. Inú apẹ̀rẹ̀ títẹ̀ yìí lọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dé Ìbàdàn fún ìdíje, tó rí èyí tó dúró ṣánṣán, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹnì kan ya fídíò rẹ̀ níbẹ̀. Fídíò yẹn rìn títí ó fi dé ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹgbẹ́ kan wà, tọkùnrin tobìnrin, tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí ọmọ náà wá bá àwọn gbé fún ọdún méjì, kí ó máa kàwé, kí ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́bìnrin àwọn. Èmi ni mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún wọn nílé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà, tó ti pé ọdún méjìdínlógún, jókòó sórí àpótí, ó ń wo ẹnu ìyá ìyá rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ta ni bàbá wọn?"

Mo ní, "Màmá, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìdílé."

"Ṣé ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ló máa máa sùn?"

"Ọ̀dọ̀ wọn ni."

"Ṣé oúnjẹ wọn kọ́ ló máa máa jẹ?"

"Òun náà ni, Màmá."

"Ìdílé ni wọ́n nígbà náà. Lọ wádìí wọn wá."

Ẹ má fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ yìí, nìkan ni ọmọ tí a kò wádìí ilé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ sọ, ìlú tó jìnnà ló ti ń ṣiṣẹ́, ojú sì ń kán gbogbo wa. Oṣù méjì gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣàìsàn lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò pè wá. Ìgbà tí wọ́n máa pè, ìsìnkú ni wọ́n pè wá sí. Ìyá mi pọn ọmọ ọdún mẹ́ta bọ̀ wálé láti ibẹ̀. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ń fúnni, òun náà ló ń gbà. Ohun tí kò gbà títí dòní ni pé wọn ò pè.

Mo wá lọ ṣe ìwádìí náà. Kò le tó bí mo ṣe rò, nítorí pé ẹgbẹ́ náà ti kọ ìtàn ara wọn sínú ìwé kan, wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàwòrán tàwòrán. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo gbéra ga díẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èdè tí wọ́n fi ń ná àgbàdo ní bodè ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Wàyí o, odidi ìwé wà lọ́wọ́ mi tí kò sẹ́lòmíì tó lè kà á nílé wa. Lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa, mo ń gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, mo ń kà, mo sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan.

Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́yìn ogun ńlá. Yàrá tí wọ́n ń kó òwú sí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù wọn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn ọkùnrin dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ẹgbẹ́ méjèèjì fi bọ́ sí ìpele àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Gbogbo èyí dùn mọ́ mi nínú. Àfi ìgbà tí mo dé orí kẹfà. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti kógbá sílé, agbára ẹgbẹ́ sì dín kù. Alága ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni apá àwọn ká. Wọ́n mú tọkùnrin, wọ́n tú tobìnrin ká. Àwọn ọmọ ẹni tó kọ́lé ni wọ́n lé síta!

Mo mọ ohun tí ìyá mi máa sọ. N kò ka orí náà dé ìdajì tí mo fi fò ó, ó di orí keje, níbi tí àwọn obìnrin ti tún wà nínú ilé tí wọ́n ń gba ife. Mo sọ fún ara mi pé alárinà tó bá ń ka gbogbo àléébù síta, kò ní so ìyàwó kankan pọ̀ mọ́ ọkọ láéláé.

Lọ́jọ́ Sátidé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọdẹ, gun ọ̀kadà wá láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nítorí pé etí kan ò gbọdọ̀ dá gbọ́ ìwádìí. Mò ń ka ìwé mi, ọmọ náà sì ń fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù mi. Bàbá ọdẹ béèrè bóyá wọ́n ń jẹ ẹran ìgbẹ́ níbẹ̀. Mo ní n kò rí i kà. Ó mi orí bí ẹni tó ti rí àléébù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débi ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, gbé òwú tó ń ká sílẹ̀.

Ó ní, "Ahunṣọ ni wọ́n? Ahunṣọ kì í ṣọ̀lẹ."

Mo ní lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Mo kà á lọ dé ibi ife, mo sì pa ìwé mi dé.

Ìyá mi ní, "Gbé fóònù yẹn wá." Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò ti àwòrán síwá sẹ́yìn. "Obìnrin nìyí. Obìnrin nìyí. Ọkùnrin, ọkùnrin, ọkùnrin. Obìnrin tún rèé, lábẹ́ igi, lórí ilẹ̀ lásán. Níbo làwọn obìnrin yìí lọ láàárín?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú.

Mo jágbe, "Wọ́n lé wọn ni!" Ìbínú ni mo fi sọ ọ́, bí ẹni pé ìyá mi ló lé wọn. Ọmọ náà dìde lórí àpótí, ó lọ kọjú sí ògiri. Mo rò pé mo ti ba ayé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ìtìjú sì mú mi.

Bàbá ọdẹ nìkan ni kò mì. Ó ní, "Ka èyí tó kù."

Mo ṣí orí kẹfà lórí fóònù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á, nítorí pé èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. Àwọn obìnrin mẹ́sàn-án ò lọ sílé. Wọ́n wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan lọ, wọ́n kan irin apẹ̀rẹ̀ mọ́ ara igi, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù wọn níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wá mọ bọ́ọ̀lù gbá ju ẹgbẹ́ mìíràn lọ, ẹgbẹ́ tó lé ìyá wọn wá bẹ̀ wọ́n. Àwọn obìnrin náà ní àwọn á padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò lè tú ẹgbẹ́ obìnrin ká mọ́ àfi bí àwọn obìnrin bá fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló ń ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin báyìí. Mo wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Òun ló fọwọ́ sí lẹ́tà wa.

Ìyá mi mú òwú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ilé tẹ́nikẹ́ni ò ti ṣubú rí lo kọ́kọ́ kà fún mi. Ilé yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ wa bá ṣubú níbẹ̀, wọn ò ní mohun tí wọ́n máa ṣe. Pe obìnrin yẹn fún mi."

A pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Obìnrin onírun funfun kan jáde lójú fóònù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń juwọ́. Ìyá mi ò ráyè ẹ̀rín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní. "Bí ara ọmọ mi ò bá yá, ta ló máa pè mí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà dẹ́kun ẹ̀rín. Ó ní, "Èmi ni. Lọ́jọ́ náà gan-an." Ó tún wá ní, "Nígbà tí wọ́n tú wa ká, inú ìwé ìròyìn la ti kà á. Ẹnikẹ́ni ò pè wá. Mo mọ bó ṣe ń rí."

Ó yẹ kí n túmọ̀ èyí kíákíá, ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀gbọ́n mi lára ògiri ni mo yíjú sí. Ìyá mi ń gbá mi lápá pé, "Kí ló wí? Kí ló wí?" Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó wo ojú obìnrin náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ lọ máa di ẹrù.

Ọmọ náà lọ nígbà ọyẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi ń sọ Faransé fúnra rẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń sọ fún un pé ó ń sọ ọ́ bí ará Kútọnu. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀bá. Mo yẹ̀bá.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, mo wà nínú kíláàsì nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà ilẹ̀ Faransé ni, kì í sì í ṣe tọmọ wa. Obìnrin onírun funfun náà ni. Ó ní ọmọ náà fẹsẹ̀ rọ́ nígbà tó ń fò, kò kán, dókítà ti ń bọ̀, òun ṣì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ké pé, "Àǹtí, ẹ má sọ fún Màmá o!"

Mo gun ọ̀kadà, ó di ilé. Ìyá mi ń ká òwú.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Ó fẹsẹ̀ rọ́ ni."

"Ìgbà wo?"

"Kò tíì pé wákàtí kan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Obìnrin yẹn ló pè."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ àga. Ó fi etí aṣọ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì rò pé kí n dì í mú. Nígbà tó ṣíjú, omijé ń dà lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó kọjú sí àwòrán ẹ̀gbọ́n mi tó wà lára ògiri.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ ẹ fẹsẹ̀ rọ́. Wọ́n pè wá o."