Ọ̀pá Irin Bùsọ́lá Nínú Oko Uṣu

Nígbà tí Adébùsọ́lá Ògúntóyìn, ọmọ Ìkòrò-Èkìtì, parí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní yunifásítì lọ́dún 1984, tó tún ní òun ń padà lọ gba oyè máàsítà, Martha ìyá rẹ̀ pè é wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o fìdí rẹmi ni?"

"Rárá, Màámi. Torí pé mo yege dáadáa ni wọ́n ṣe ní kí n padà wá."

"Ẹni tó bá yege, ulé ló ń bọ̀."

Iṣẹ́ ìwádìí Bùsọ́lá ni láti mọ bí ilẹ̀ agbègbè wa ṣe ń gba iná mànàmáná mọ́ra, kí ààrá má baà máa ba wáyà jẹ́. Ó ri ọ̀pá irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lóko uṣu bàbá rẹ̀, ó so wáyà mọ́ wọn, ó sì ń fi mítà wò wọ́n.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú. Lónìí, ilẹ̀ kò gba iná rárá. Lọ́la, á máa gbà á bí ẹni pé inú odò ni wọ́n ri irin sí. Ó gbé mítà padà lọ sí yunifásítì. Wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é.

Nígbà tó dé, ó tètè jí lọ sóko. Bàbá rẹ̀ ló bá níbẹ̀, tó ń rọra da epo pupa sí ìdí irin.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò bá mi bọ Ògún nínú ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Kó tó dáhùn, ìyá rẹ̀ yọ láàárín ebè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà láti ṣọ́ọ̀ṣì CAC. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá ti da epo tán ni ìyá ń wá fi omi náà fọ̀ ọ́ kúrò.

Bùsọ́lá jókòó sórí ebè, ó ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì pé epo kì í jẹ́ kí ilẹ̀ gba iná, omi sì ń mú kó gbà á jù. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ògún ló ni irin," ó ní. "Ṣàngó ló ni ààrá. Ta ló rán ọ sí àárín wọn?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ni."

"Kí òun náà wá."

Bùsọ́lá fa irin rẹ̀ tu, ó kó wọn lọ sí Ayétòrò, níbi tí kò ti ní ẹbí. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti yọrí. Lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò béèrè ìdí tí kò fi lo ilẹ̀ Ìkòrò, ìlú rẹ̀.

"Àwọn òbí mi ń gbé ibẹ̀, sà."

Wọ́n fún un ní máàsítà náà.